Àdíját Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn Pe Ẹbí

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí Àdíját bá fẹ́ ṣe ìyàwó, Àdíját ni wọ́n máa ń rán láti pe àwọn ẹbí. Yóò di dàbínù mẹ́ta mẹ́ta sínú bébà funfun, yóò kó wọn sínú báàgì, yóò wọ sálúbàtà rẹ̀, ó di ojú ọ̀nà. Láti ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yóò rìn dé Láfíàjì. Bó bá kúrò níbẹ̀, yóò padà wá kárí àwọn ilé tó wà nítòsí, lẹ́yìn náà ni yóò forí lé Olówógbowó. Ó ti pé ọdún méjìlélógójì tó ti ń ṣe é báyìí. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún un. Iṣẹ́ ọmọ-osú ni; ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ilé ni wọ́n máa ń fi sídìí rẹ̀, nítorí òun ló mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí a kọ́kọ́ kàn.

Ìbòrí ló ń rán jẹun. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú ní ilé baba rẹ̀, níbi tó padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, kì í sì í fi iṣẹ́ òní sílẹ̀ di ọ̀la. Bí o bá gbé aṣọ fún un tó ní kó o wá gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, má wulẹ̀ pe fóònù láti bi í bóyá ó ti parí.

Màmá Sàdíátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́ ìpè. Màmá Láfíàjì ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́kọ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pe ẹbí kí Àdíját tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ẹni tó dàgbà jù ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Lórí ìkúnlẹ̀ ni kó o ti bá àgbà sọ ọ́. Má sì ṣe kúrò níbẹ̀ títí ẹni náà yóò fi sọ ohun tó gbọ́ padà fún ẹ. Bí kò bá sọ ọ́ padà, inú afẹ́fẹ́ lo sọ ọ́ sí.”

Àdíját di òfin náà mú. Lọ́dún kan tí òjò sọ Ìdúmàgbò di odò, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé báàgì dàbínù lérí, ó sì la omi náà kọjá, nítorí pé ìsọmọlórúkọ kù sí ọ̀la. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, abẹ́ fèrèsé ló ń dúró sí. Yóò pe ẹni tó ń wá láti ìsàlẹ̀, onítọ̀hún yóò yọjú lókè, yóò sì ké ohun tó gbọ́ padà sílẹ̀ fún un, tí gbogbo àdúgbò yóò fi gbọ́ pé aya ẹnì kan ti bímọ.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Jíbrílù, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún ẹbí lórí Wasáàpù, ó pè é ní “Ilé Wa”. Àwọn kan rò pé Àdíját yóò bínú. Kò bínú rárá. Òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀, kó tó ki ẹsẹ̀ bọ ẹ̀rọ, yóò fi jígí sójú, yóò wo àwòrán ọmọ tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ́nu rẹ̀ ní Ìbàdàn, yóò wo ẹni tó ra mọ́tò ní Àbújá, yóò sì ṣe àdúrà fún ẹni tó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Inú gúrúùpù yìí ni wọ́n ti rí Ubaydullah, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí orúkọ Ubaydullah yọ lójú fóònù, Àdíját pa ẹ̀rọ tì, ó sunkún ayọ̀. Ta ni yóò wá sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sún ẹbí mọ́ra?

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Qaanitah ló fi apá kejì gúrúùpù náà hàn wọ́n.

Qaanitah ni àbúrò Jíbrílù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá wọn kú, Àdíját ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ti mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀. Ní ilé wọn, kí ìyàwó tó jáde síbi tí àwọn lèmọ́mù yóò ti so yìgì, àgbà obìnrin tó dàgbà jù ní ẹbí ni yóò fi aṣọ funfun bò ó lórí, tí yóò sì ṣe àdúrà fún un. Màmá Láfíàjì ló bo orí Àdíját. Àwọn ló bo orí gbogbo ọmọbìnrin ilé náà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láti kékeré ni Qaanitah ti máa ń fi àgékù aṣọ tí àǹtí rẹ̀ gé kúrò lára ìbòrí bo ara rẹ̀ lórí, tí yóò máa ṣe àdúrà bíi ti Màmá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Jíbrílù ya káàdì ìgbéyàwó tó rẹwà, ó fi í sínú gúrúùpù. Ènìyàn mẹ́tàléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, àtàǹpàkò, ọwọ́ àdúrà àti òdòdó ti kún ojú fóònù. Orúnkún Àdíját ọ̀tún ti wú lọ́sẹ̀ náà, ó sì ṣòro fún un láti sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó rí i pé Kàsímù, ọmọ Màmá Láfíàjì, fi ọwọ́ àdúrà síbẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Kàsímù yóò ti sọ fún ìyá rẹ̀. Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan síbẹ̀: “Alhamdulillah. Ó ti kárí.”

Kàsímù ka “Ó ti kárí”, ó gbà pé Àdíját ti gbé dàbínù dé Láfíàjì nìyẹn. Ní ilé wọn, ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kí ọmọ-osú tó débẹ̀. Ńṣe ni yóò dà bí ìgbà tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni Àdíját ń retí Kàsímù, Kàsímù ń retí Àdíját, tí Màmá Láfíàjì, tí kò ní ju fóònù kékeré tí kò lè gba Wasáàpù lọ, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an ni Mariyah, ayálégbé wọn ní Láfíàjì, na fóònù tí káàdì náà wà lójú rẹ̀ sí wọn. “Màmá, ṣé kì í ṣe ọmọ yín nìyí? Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ránṣẹ́ sí mi.”

Màmá wo àwòrán náà títí. Wọ́n dá fóònù padà, wọ́n wọlé, wọ́n sì ní kí Mariyah bá àwọn sọ fún Kàsímù pé àlejò ló fi ìgbéyàwó ọmọ àwọn han àwọn, nítorí náà kí àlejò bo ọmọ náà lórí.

Kàsímù fi ìbínú sọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Jíbrílù, tó rò pé ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe, kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ̀yin náà ẹ ra fóònù gidi fún màmá, kí wọ́n lè máa rí nǹkan.” Ó fi ojú mẹ́ta tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Kàsímù ti jáde kúrò nínú gúrúùpù, àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn sì tẹ̀ lé e. Ènìyàn mọ́kànlá. Lójú fóònù, wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń pa iná yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jíbrílù wọlé tọ Àdíját wá. Qaanitah jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ ti wú.

“Àǹtí, mo ti kọ sọ́rì,” Jíbrílù ní. “Mo kọ ọ́ gùn gan-an.”

“Níbo lo kọ ọ́ sí?”

“Nínú gúrúùpù.”

“Ṣé Kàsímù wà níbẹ̀?”

“Ó ti jáde.”

“Màmá ńkọ́?”

“Àwọn ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

“Ta lo wá ń bẹ̀, Jíbrílù?”

Jíbrílù fọwọ́ họ orí. Qaanitah ní, “Àǹtí mi, bí Màmá ò bá wá, kí wọ́n má bo orí mi rárá. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì.”

Àdíját fi báńdéèjì we orúnkún rẹ̀, ó di dàbínù mẹ́ta sínú bébà, ó wá sálúbàtà rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé yín,” Jíbrílù ní.

“Bí mo bá mú ẹ dání, wọn á ní mo mú ẹlẹ́bi wá sílé àwọn. Ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé lọ.”

Ó gba ọ̀nà Kámpọ̀ọ̀sì, ó ń sinmi níbi tó bá ti rí pèpéle ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó dé Láfíàjì, Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi Àdíját ni, màmá mi.”

“Àdíját wo? Àdíját tèmi, kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló máa ń wá. Fóònù ló gbé ìwọ wá ni, àbí ẹsẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ mi ni, Màmá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Mo rò pé wọ́n ti gé e ni.”

Àdíját kúnlẹ̀. Orúnkún náà dùn ún débi pé ó di ẹnu mọ́ra. Kò dárúkọ Jíbrílù, kò dárúkọ Kàsímù. Ó ní, “Màmá, èmi ni mo ṣẹ̀. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ síbẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo wá kọ ọ́ pé ó ti kárí. Mi ò tíì dé ilé kankan. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mi ò ní rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.”

Màmá ka tẹ̀sùbáà díẹ̀. “Lọ́jọ́ tí mo fa iṣẹ́ yìí lé ẹ lọ́wọ́, kí ni mo ní kó o gbà kó o tó kúrò nílé onílé?”

“Kí wọ́n sọ ọ́ padà.”

“Ta ló sọ ọ́ padà fún ẹ nínú fóònù?”

“Wọ́n na àtàǹpàkò sí i, Màmá.”

“Àtàǹpàkò!” Màmá na àtàǹpàkò tiwọn sókè, wọ́n wò ó tọ̀tún tòsì. “Èyí ò lẹ́nu, kò létí. Ṣé òun lo wá gbà bí ẹ̀rí? Ìwọ Àdíját?”

Mariyah, tó ń sá aṣọ nítòsí, yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rẹ́rìn-ín.

Màmá wá gba dàbínù náà, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n ní, “Bí ìpè àkọ́kọ́ bá wọ́, gbogbo èyí tó kù ti wọ́ nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Pe gbogbo wọn láti orí mi dé orí ọmọ tó kéré jù lára àwọn tó yẹ ká pè, kí olúkúlùkù sì sọ ọ́ padà. Kó má sì ku Kàsímù. Bó bá kárí lóòótọ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó lọ, wá sọ fún mi. Bí kò bá kárí, èmi ò ní jáde nílé yìí.”

“Àwọn tó wà lókè òkun ńkọ́, Màmá?”

“Ṣé wọn ò lẹ́nu lọ́hùn-ún ni? Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n sọ̀rọ̀.”

Lẹ́yìn náà, Màmá sọ ọ̀rọ̀ ìpè náà padà fún un létòlétò, ọjọ́, agogo, orúkọ ìyàwó àti orúkọ bàbá ìyàwó, kó lè máa lọ.

Ní ọ̀sán yẹn, Àdíját àti Jíbrílù jókòó ti ìwé àjákọ kan, wọ́n ń to orúkọ ẹbí bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ. Ènìyàn mọ́kànlélógójì. Jíbrílù, tó ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nínú gúrúùpù, kò mọ ẹni tó ṣáájú ẹnì kejì lára wọn. “Ṣé Bùrọ̀dá Ubaydullah ju Bùrọ̀dá Kàsímù lọ ni?” Àdíját ní, “Ọdún kan àti oṣù méjì. Má jẹ́ kí Kàsímù gbọ́ pé o béèrè.”

Àwọn tó wà ní Èkó, ẹsẹ̀ ló fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń ya ilé kan, ó ń yọ sí òmíràn, báàgì dàbínù ń fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà ní òkèèrè, Jíbrílù ń pè wọ́n fún un lórí fóònù. Nígbà tó kan Ubaydullah, ohùn rẹ̀ dáhùn láti Lọ́ńdọ̀nù, Àdíját jíṣẹ́, ó ní kó sọ ọ́ padà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé fóònù ti já.

“Ubaydullah, ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, Àǹtí.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ó ti lé lọ́dún méjì tí ẹnì kan nínú ilé ti pè mí kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwòrán ni ẹ máa ń fi ránṣẹ́.”

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ ìpè náà padà láìfo ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n parí, Jíbrílù kò tètè pe ẹni tó kàn. Ó gbé fóònù lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Ubaydullah ń fi òdòdó sí ohun tí òun bá gbé jáde, òun sì ti gbà pé ara rẹ̀ le.

Nígbà tó máa di òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ku Kàsímù nìkan, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni Àdíját ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ní òun ò ráyè. Ó ń ta ìwé àti bírò ní Olówógbowó. Àdíját bá a tó ń kó ìwé àjákọ fún oníbàárà, ó kí i, ó jíṣẹ́, ó na dàbínù sí i.

“Mo ti gbọ́, Àǹtí.”

“Sọ ọ́ padà.”

“Mo ní mo gbọ́ ná!”

“Kì í ṣe ‘mo gbọ́’ ni mo rìn wá gbà.”

“Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ Jíbrílù tó ní ìyá mi ò ní fóònù gidi.”

Àdíját jókòó sórí páálí bébà kan, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àwọn oníbàárà wọlé, wọ́n jáde. Nígbà tó pé wákàtí kan, oníbàárà kan béèrè pé, “Alhaja, ẹ̀yin náà ń ra nǹkan ni?” Àdíját ní, “Mò ń gba ẹrù mi ni. Wọn ò tíì dì í fún mi.” Kàsímù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ó wá rí i pé orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wú kọjá báńdéèjì. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí, Àǹtí.”

Àdíját pe Jíbrílù. Gbólóhùn méjì ló sọ: “Má kọ ọ́. Máa bọ̀.”

Jíbrílù dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín páálí méjì, fìlà kúfì rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. “Bùrọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é. Ká ní mo wà níwájú yín ni, mi ò lè sọ ọ́.”

Kàsímù wò ó nílẹ̀. “Ìyẹn gan-an ló dùn mí. O ò lè sọ ọ́ níwájú mi. Dìde, o ń ba bébà mi jẹ́.” Ó yíjú sí Àdíját, ó sì sọ ọ́ ketekete: “Qaanitah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ lọ́la Sátidé, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣé ó pé?”

“Ó pé,” Àdíját ní. Ó gbà kí Jíbrílù fi mọ́tò gbé òun lọ jíṣẹ́ fún Màmá.

Ní àárọ̀ Sátidé, agogo mẹ́wàá kù díẹ̀, lèmọ́mù ti jókòó, Qaanitah wà nínú yàrá láìbo orí, àwọn obìnrin ń wo ara wọn lójú. Àdíját dúró lójú fèrèsé, kò jókòó. Nígbà tí Màmá Láfíàjì yọ ní kọ̀rọ̀ ilé, tí wọ́n di apá Kàsímù mú, Àdíját kàn ní, “Wọ́n ti dé,” ó sì lọ tẹ́ ẹní.

Màmá na aṣọ funfun náà, wọ́n bo Qaanitah lórí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n ṣe àdúrà tó gùn débi pé lèmọ́mù ránṣẹ́ wọlé pé ṣé kò sí o. Qaanitah ń sunkún lábẹ́ aṣọ. “Ẹ ní kó ní sùúrù,” Màmá ní. “Èmi náà ní sùúrù fún wọn lọ́sẹ̀ yìí.”

Jíbrílù ya àwòrán wọn. Ó na ìka láti fi í ránṣẹ́ sínú gúrúùpù, ó dá ọwọ́ dúró, ó wo Kàsímù.

“Kí lò ń wò?” Kàsímù ní. Ó ti yọ fóònù tirẹ̀ jáde lápò. “Kọ́kọ́ fi mí padà síbẹ̀ ná. Àwa mọ́kọ̀ọ̀kànlá.”